Àdúà Tí Màmá Mi Lẹ̀ Sára Bàálù Mi

Màmá mi fi sítíkà àdúà dá bàálù mi dúró lónìí, mo sì ń dúpẹ́.

Bàálù àlòkù àwọn sójà ni mo rà. Òfin ní kí n kọ EXPERIMENTAL gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé mọ̀ pé kì í ṣe bàálù akérò.

Láàárọ̀ yìí ní pápá bàálù Pearland lókè òkun níbí, òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá yẹ̀ ẹ́ wò kò rí ọ̀rọ̀ náà. Àdúà ìrìn àjò ló bá níbẹ̀.

Mo yíjú sí Màmá.

"Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Ọmọ rẹ ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi. Ta ló máa kọ 'a ṣì ń dán an wò' sára ohun tó fẹ́ gbé ọmọ mi fò?"

Inú bí mi gan-an. Òyìnbó ní n ò gbọdọ̀ gbéra àfi tí mo bá ṣí i kúrò.

Ibi tí mo ti ń ha á ni mẹkáníìkì mi ti pariwo. Epo ń jò lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, páìpù ti sán!

Ká ní mo ti gbéra, ta ni ì bá máa tẹ èyí fún yín? Alhamdulillahi.

Màmá ò tiẹ̀ wojú mi. "Àmín," ni wọ́n wí.

Wọ́n ti fún mi ní sítíkà méjì míì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni kí n lẹ̀ wọ́n sí tí òfin ò ní bínú?