Kọ̀ǹpútà Tó Ń Yawèrè Tí Ìyá Mi Bá Wà Nílé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Agége, tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí àfi ìyàwó mi. Ojú ṣì ń tì mí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́, ẹni tí mo ṣẹ̀ sì ti dárí jì mí.

Ìgbà yẹn, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni. Gbogbo wa gbà pé nǹkan máa tó dáa. Èmi gbà á gbọ́ débi pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀! Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ ike ní Ìkẹjà ni mo wà, ọdún mẹ́fà gbáko nídìí ẹ̀rọ. Mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, mo gbé e sí pálọ̀ ìyá mi, mo kọ "Business Centre" sára páálí, mo gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ó parí!

Mọ́mì ò kọ́kọ́ fẹ́. Ará Èkìtì ni wọ́n, lójú tiwọn, iṣẹ́ oṣù kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi ṣeré. Sùpáfáísọ̀ wa náà ní òun á fi àyè mi sílẹ̀ di ìparí oṣù, pé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ò bá lọ déédéé, kí n padà wá. Mo búra pé mi ò ní padà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé ni ìbéèrè ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama kan ládùúgbò wa. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Màdáàmù Pírínsípà fẹ́ gbà á. Wọ́n ní tí mo bá ṣe é dáadáa, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo iṣẹ́ títẹ̀ wọn á máa wá. Tí mi ò bá rí i ṣe ńkọ́? Ìdí ẹ̀rọ abọ́ nìyẹn!

Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Kò tó wákàtí kan, ìlà aláwọ̀ ewé gba ojú kọ̀ǹpútà kọjá, lẹ́tà yí padà di jágbajàgba, gbogbo ẹ̀ wá dúró gbagidi. Mo pa á, mo tún un tàn. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé àpótí ẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Kúnlé tó tà á fún mi, lẹ́yìn Allen Avenue n'Ìkẹjà. Wọ́n tú u, wọ́n yọ káàdì VGA jáde, ìyẹn pátákó kékeré tó ń gbé àwòrán lọ sójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ó ti gbó díẹ̀, pé ẹnu ẹ̀ ló dọ̀tí. Wọ́n fi írésà ọmọ ilé ìwé pa á títí ó fi ń dán, wọ́n dá a padà. A tàn án, a jókòó tì í fún wákàtí méjì. Kò sí nǹkan kan! Ni mo bá gbé e lọ sílé, mo tàn án. Kò tó wákàtí kan, ìlà aláwọ̀ ewé dé!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Ìkejì, wọ́n ṣí káàdì nípò, wọ́n tún dráífà ẹ̀ gbé sí i, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí káàdì bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìkẹta, wọ́n pààrọ̀ káàdì pátápátá. Lọ́dọ̀ wọn, ara ẹ̀ á yá. Nílé wa, á yawèrè. Bọ̀dá Kúnlé wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ta ni mò ń bá gbélé gan-an? Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀ lé mi délé.

Èmi kì í gbà fún nǹkan bọ̀rọ̀. Mo yá stabiláísà aládùúgbò, kò yàtọ̀. Mo yá mónítọ̀, kò yàtọ̀. Mo wá mú ìwé kan, mò ń kọ aago tó bá ti dà rú síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mọ́mì wọ sùtánà funfun wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀. Mo tẹ̀wé di aago méjì, ojú kọ̀ǹpútà mọ́ kedere. Mọ́mì dé. Aago mẹ́ta ò tíì lù, ìlà dé. Mo ṣí ìwé mi wò. Gbogbo ìgbà tó dà rú pátá, Mọ́mì wà nílé! Orí mi wú.

Ẹ má bínú o. Ìyá tó bí mi ni mo fura sí. Ṣebí a máa ń sọ ọ́ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà? Ṣebí wọn ò tiẹ̀ fẹ́ iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀?

Lọ́jọ́ Ajé, mo parọ́. Mo ní àbúrò wọn tó ń ta ẹran ní Oko Ọba ní kí wọ́n wá. Wọ́n múra, wọ́n lọ. Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Inú mi ò tiẹ̀ dùn, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́mì dé pẹ̀lú ṣàkì àti pọ̀nmọ́. Mò ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n gba ẹ̀yìn mi lọ síbi àpótí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní eruku títì máa ba nǹkan olówó ńlá yìí jẹ́, wọ́n sì fa aṣọ bò ó.

Aṣọ wo? Aṣọ funfun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun, irú èyí tó máa ń wà lórí tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì nílé gbogbo wa! Mo máa ń ká a kúrò láàárọ̀ tí mo bá fẹ́ tan kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á tún fà á bò ó, iwájú, ẹ̀yìn, gbogbo ojú ihò tó ń gba atẹ́gùn. Ta ló ń ka irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sí nǹkan kan?

Nígbà tó ṣe, mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ̀. Gbígbóná náà kọjá sísọ! Mo ní kí Mọ́mì dúró. Ìlà dé. Mo pa á, mo ká aṣọ kúrò, mo jẹ́ kó tutù, mo tàn án: kò sí ìlà. Mo dá aṣọ padà, ìlà dé. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá mi lójú. Ooru ló ń pa káàdì.

Mo ní, "Mọ́mì, aṣọ yín ni. Kì í jẹ́ kó mí."

Wọ́n wo aṣọ, wọ́n wò mí. Wọ́n ní àbúrò wọn ò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni, kí ló dé tí mo fi rán wọn lọ? Mi ò lè parọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀.

Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣẹ́ aṣọ náà lé itan.

"Tó bá jẹ́ pé o ò rí aṣọ yìí ńkọ́?"

Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi ní kí n dìde, pé àwọn ti dárí jì mí.

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé iṣẹ́ fún Màdáàmù Pírínsípà, ọjọ́ kan kó tó pé. Láti ibẹ̀ mo lọ sọ fún sùpáfáísọ̀ pé kó fi àyè mi fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: kéèyàn tó dárúkọ ẹni, kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀yìn àpótí. Mo ti tún kọ̀ǹpútà àìmọye ṣe látìgbà yẹn, ṣùgbọ́n títí Mọ́mì fi kú, mi ò rí ìdáhùn fún ìbéèrè wọn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fura sí rí, tó wá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ò sí lọ́rùn ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Tí ẹni náà bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ná.