Páálí Abẹ́ Ọkọ̀

Títí di òní, bí àwọn ará ilé ọkọ mi ní Ifangni bá fẹ́ bú mi láìdárúkọ mi, wọ́n á ní, "Àwọn kan wà tó mọ nǹkan í fi sábẹ́ ọkọ̀." Wọn kì í wò mí tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ẹni tó ń lọ ata kò ní gbójú sókè, ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà kò ní gbójú sókè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn á dákẹ́ díẹ̀ kí ó lè wọ̀ mí létí dáadáa. Wọn ò sì purọ́. Mo fi nǹkan sábẹ́ ọkọ̀ ọkọ mi. Páálí ni, páálí tòmátò inú agolo tí mo tọrọ lọ́wọ́ obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Páálí yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ méjì lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, nítorí gbogbo ẹni tó ti bi mí ló ti dájọ́ kó tó bi mí.

Takisí ni ọkọ mi ń wà, láti Ifangni sí Àjàṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ló rà á fún un nínú èrè epo pupa tó ti ń tà láti ìgbà èwe rẹ̀. Nítorí náà, ọkọ mi ló ń wà á, Ìyá ló ni ín. Ọkọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn ní ọ̀nà tiwa: méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin sẹ́yìn, gàrí lórí, kẹ́ẹ̀gì epo nínú búùtù.

Ní àràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbá, Ìyá á bu omi tútù, á máa dà á sí ẹsẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan, á máa wí pé kí ọ̀nà tutù, kí irin má gbóná, kí ẹni tó lọ ó bọ̀. Èmi náà ń ṣe àmín sí i. Kò sí ohun tó burú nínú àdúrà ìyá. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ wá di ibi tí kì í gbẹ, kò sì sí ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Ibi tó bá ti tutù, àdúrà Ìyá ni.

Èmi ni mo ń wò ó, nítorí inú ọgbà mẹkáníìkì ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹ̀bá títì ní Banigbé ni Bàbá mi ti ń tún ọkọ̀ ṣe, kì í sì í tú ohunkóhun kó tó wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ọkọ̀ kì í purọ́, ẹni tó ń wà á ni í purọ́. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ ohun tó ń jò. Èyí tó dúdú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Èyí tó pọ́n, ọ́ìlì jíà. Omi lásán tó ń kán níwájú, ibi tí wọ́n ń rọ omi sí ló lu. Bẹntiróò kpayò tí à ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, imú ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kò sì ní pẹ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń kán sí ẹ̀gbẹ́ táyà, lápá inú, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró ẹ̀pà, omi ìjánu ọkọ̀ nìyẹn, omi firẹ́ẹ̀nì bí àwọn awakọ̀ wa ṣe ń pè é. Òun ni Bàbá mi bẹ̀rù jù. Ọ́ìlì yòókù, bí o bá da omi sí i, yóò léfòó, wàá rí i. Ti firẹ́ẹ̀nì kì í léfòó. Inú omi ló ń wọ̀ lọ, ojú kì í rí i mọ́.

Jímọ̀ kan nínú ọyẹ́, ọkọ mi kò jáde, ọkọ̀ wà lójúde. Ọyẹ́ tó ń la ètè ni, aṣọ tí mo sá ti gbẹ kí n tó yí ẹ̀yìn padà. Nígbà tí Ìyá fi máa ti mọ́sáláṣí dé, ibi tí Ìyá da omi sí lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ti gbẹ, àfi ti táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Ìyá fi han àwọn tó bá a dé. Ó ní, "Ẹ wo àdúrà mi o, kò gbẹ." Inú wọ́n dùn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kàn án. Ó yọ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀.

Mo lọ bá a. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ó jọ pé ọkọ̀ yìí ń jò."

"Kí ló ń jò?"

"Omi firẹ́ẹ̀nì ni, Ìyá."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, omi tí mo fọwọ́ ara mi dà, tí mo fẹnu ara mi súre sí, òun lo ní ó ń jò?"

"Kì í ṣe omi yín ni mo ń sọ, Ìyá."

"Omi ta ni?"

Kò sí ìyàwó ilé tó ń dáhùn irú ìbéèrè yẹn. Mo ní kí wọ́n má bínú. Ẹni tó bá fọwọ́ kan àdúrà ìyá ọkọ, ilé agbọ́n ló fọwọ́ kàn.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi ló ń wa ọkọ̀ yẹn. Bàbá mi kọ́ mi pé bí ilẹ̀ bá ti tutù tẹ́lẹ̀, kí á tẹ́ nǹkan gbígbẹ lé e. Nírọ̀lẹ́, mo tú páálí náà, mo tì í sábẹ́ ọkọ̀. Kí Ìyá tó gbé omi rẹ̀ jáde láàárọ̀, mo ti wà níbẹ̀. Ó ti kán sí i, ní ẹ̀gbẹ́ táyà kan náà, ó sì ti jẹ àwòrán tòmátò ara páálí náà ṣí. Mo pe ọkọ mi. Ó lóṣòó, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Kò bi mí pé kí ni.

Ó ní, "Firẹ́ẹ̀nì ti ń rì. Ẹsẹ̀ mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ kó tó mú. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ ti mọ̀, ẹ sì ń kó èèyàn?"

"Má pariwo."

"Ẹ má gbé e jáde lónìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọjọ́ ọjà ni. Àwọn obìnrin ti ń dúró dè mí. Tí mo bá dé Àjàṣẹ́, màá fi han mẹkáníìkì. Dakọ́ọ̀? Ṣé o gbà?"

"Ìyá ń kọ́? Ṣé ẹ máa sọ fún wọn?"

"Fi Ìyá sílẹ̀. Jẹ́ kí páálí yẹn wà níbẹ̀, màá fi mọ ibi tó ti ń kán tí mo bá dé."

Ìyá jáde, ó da omi rẹ̀, ó súre, a ṣe àmín, ọkọ̀ lọ. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa ló rí páálí. Ó bi mí pé kí nìyí. Mo ní mo fi wo ọkọ̀ ni. Ó yí padà wọlé. Ì bá ti bú mi níjọ́ náà, ì bá sàn fún mi.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n nígbà tí ọlọ́kadà kan sáré wọlé. Ó ní bí ọkọ mi ṣe fẹ́ dúró níbi tí àwọn jàndáámù gbé igi dínà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ lórí firẹ́ẹ̀nì, ọkọ̀ ò dúró. Àwọn obìnrin tó ń ta búrẹ́dì kún ibẹ̀. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sínú oko, ọkọ̀ lọ fi orí sọ ọ̀pẹ. Ìyá gàrí kan nínú èrò ọkọ̀ dá lọ́rùn ọwọ́, àwọn yòókù bó lára, ẹsẹ̀ ọkọ mi kán. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, mo dúpẹ́ pé ó wà láàyè. Páálí ò wá sọ́kàn mi rárá.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìwòsàn, àwọn àgbà ilé pé jọ sójúde. Àbúrò bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí ilé, ló jókòó láàárín. Ìyá gbé páálí jáde nínú ọ̀rá, ó fi igi tì í síwájú wọn, nítorí a kì í fọwọ́ kan irú rẹ̀. Ó fi ibi tí àwòrán ti ṣí hàn wọ́n. Ó ní ibi tí oògùn ti jó nìyẹn.

Àgbà náà kò jágbe mọ́ mi. "Ìyàwó, kí lo fi kùn ún?"

"Mi ò fi nǹkan kan kùn ún, Bàbá. Ọkọ̀ ló jò sí i."

"Ọjọ́ kejì tó o tẹ́ ẹ náà ni ọkọ̀ já firẹ́ẹ̀nì?"

"Ó ti ń jò kí n tó tẹ́ ẹ."

"Ta ló rí i pẹ̀lú rẹ?"

"Ẹ bi ọmọ yín. Ó rí i. Ó fọwọ́ kàn án."

Gbogbo ojú yí sí orí ẹní tí ọkọ mi na ẹsẹ̀ sí. Òun ń wo ẹsẹ̀ náà. Mo mọ ohun tó ń rò. Bí ó bá ní òun ti mọ̀, àwọn ará ìyá gàrí á gbọ́, àwọn jàndáámù tó ti bi í ní ìbéèrè kan náà á gbọ́, ìyá rẹ̀ á sì gbọ́ pé abẹ́ omi àdúrà òun ni ewu sá pa mọ́ sí. Mo mọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ ọ́n lónìí, kò sì dín in kù fún mi.

Ó ní, "Èmi ò rí páálí kankan. Mo jí, mo kírun, mo lọ."

Mi ò sunkún. Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo ń dúró kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti parí rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ gbé ilé bàbá mi ná, kí àwọn ọmọ dúró ti Ìyá. Èyí èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni.

Ní Banigbé, Bàbá mi bi mí nípa òórùn rẹ̀ àti ibi tó kán sí, kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó fẹ́ lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní kí ó jókòó. Ta ni yóò gba ẹ̀rí bàbá nítorí ọmọ rẹ̀? Lọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ sọ́jà ni mo ti ń gbọ́ ìròyìn ọmọ mi, pé èyí àkọ́bí ń tẹ̀lé obìnrin tó bá lo ìborùn bíi tèmi. Mo kórìíra ọkọ mi nígbà náà, kí n má parọ́. Bí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún, màá ní ó dáa.

Ọyẹ́ ti lọ, òjò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá. Ó jókòó lórí àga Bàbá mi, ó ní, "Wọ́n ti dárí jì ọ́."

"Wọ́n dárí kí ni jì mí?"

"Má jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń pè ọ́."

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"O fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé ni?"

"Ẹ sọ fún Ìyá nìkan."

Ó ní, "Ìyá ti dàgbà. Wọn ò lè gbé e."

Èmi ò tíì dàgbà, èmi lè gbé e. Mo di ẹrù mi. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé, ọmọ méjì ló dé.

Wọ́n tún pé jọ sójúde. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, mo dúpẹ́ ìdáríjì. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Kì í ṣe ìkà, ó gbà á gbọ́ ni. Ó ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ tún padà sídìí irú iṣẹ́ yẹn mọ́ láé." Àwọn ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Gbogbo ojúde ń retí kí n ṣe àmín, ẹnu mi ò ṣí.

Ọkọ mi ló ṣe é, kíkan kíkan, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe é: "Àmín."