Pèrègún Mẹ́rin ní Etídò

Bàbá mi pín oko wọn nígbà tí ojú wọn ṣì ríran dáadáa. Wọ́n ní àwọn ti rí i ní Ẹrúnmu níbí, tí àwọn ọmọ bàbá kan náà ń wọ́ ara wọn lọ sí kóòtù nígbà tí sàréè bàbá wọn kò tíì gbẹ. Ikọ́ ti ń bá wọn jà fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì mọ ibi tó ń lọ.

Ọmọ mẹ́ta ni a jẹ́. Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní oko kòkó, wọ́n fún àbúrò wa ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà ní oko ọ̀pẹ. Èmi, obìnrin àárín, ni wọ́n fún ní etídò, níbi tí àwọn igi obì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn wà. Ilẹ̀ tó dára jù nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣebí nínú òfin ẹ̀sìn Mùsùlùmí wa, ìdajì ìpín ọkùnrin ló tọ́ sí obìnrin. Àáfà tó jókòó tì wá ṣàlàyé pé ogún nìyẹn, pé ẹ̀bùn alààyè ni èyí. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀bùn kò tíì di ti ẹni tí a fún, àfi bí onítọ̀hún bá gbà á kí ẹni tó fún un tó kú. Bí kò bá gbà á, yóò padà di ogún. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a ṣe ń gba ilẹ̀ ni pé kí ẹni tí a fún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ààlà. Ẹnìkan kì í bá ẹnìkan gbìn ín.

Gbogbo ilé ló sì mọ̀ pé n kì í lọ sóko mọ́. Ọ̀nà etídò yẹn ni àwọn ajínigbé ti mú mi. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò nínú igbó. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti dé, ilé tó gbẹ̀yìn abúlé ni òpin ìrìn mi.

"Ẹni tí kò lè dé ìdí kànga," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "òun ni yóò dé etídò?"

Àbúrò wa dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́, n ó fi ọ̀kadà lọ gbé odò wá bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò dénú.

Mo ń yẹ ọjọ́. Mo ní òjò ni, mo ní orúnkún ni. Ikọ́ Bàbá sì ń le sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá wọn lórí àga níwájú ilé, ọ̀pá pèrègún mẹ́rin tí wọ́n fi àpò tútù wé wà lórí itan wọn. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lọ́jọ́ kẹta mo so gèlè mi le, mo mú àdá.

Bàbá ní àwọn náà ń lọ. Àbúrò mi wa ọ̀kadà, Bàbá wà láàárín, èmi wà lẹ́yìn. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti mú mi, mo dijú, mo di ẹ̀wù Bàbá mú. Bàbá máa ń sọ pé ìyá àwọn ni mo fi ojú jọ.

"Ìyá mi," ni wọ́n wí, "a ti kọjá ibẹ̀."

Mo ń kánjú débi pé mo dorí ọ̀pá àkọ́kọ́ kodò nígbà tí mo gbìn ín. Bàbá rí i láti abẹ́ igi obì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu wọn. Mo fà á tu, mo tún un gbìn. Nígbà tí mo dé igun kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi ni mo bá níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn tẹ̀lé wa. Ó ti ro koríko ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

"N kò gbẹ́ ihò o," ó ní, "kí Àáfà má baà ní èmi ni mo gbìn ín."

Bàbá kú kí òjò ọdún náà tó dá. Kò sí ẹni tó da etídò mọ́ ogún.

N kì í dá lọ síbẹ̀, mo sì ṣì ń bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí lọ́jà pé obì ta ni mo gbé wá, mo máa ń ní obì mi ni. N kì í rẹ ohùn sílẹ̀ sọ ọ́.