Bẹ́ńṣì Káfíńtà

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa kò gbọdọ̀ dúró létí pápá fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, àhesọ kan gba àdúgbò. Wọ́n ní káfíńtà, tí a bá sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ti búra pé òun kò ní jókòó títí kóòṣì yóò fi padà. Pé ìdúró ló tilẹ̀ ń sùn, bí ẹṣin.

Ní Sátidé, a bá a lórí ìdúró lóòótọ́ níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ni gbogbo wa bá dìde nítorí kóòṣì. Ìpàkọ́ nìkan làwọn tó wà lẹ́yìn ń wò.

Onígbàjámọ̀ gbé fọ́tò kóòṣì sórí bẹ́ńṣì náà. "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ fẹ́ràn kóòṣì ju bí ìyàwó ẹ̀ ṣe fẹ́ràn ẹ̀ lọ!"

Káfíńtà rọra gbé fọ́tò náà kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń jókòó síbí. Bí ẹnì kan bá dá jókòó sí i, ṣe ló máa ń yí onítọ̀hún dànù. Kóòṣì á padà lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní padà."