Eyín Ọmọ Tí N Kò Gbọdọ̀ Pè Lórúkọ

Eyín iwájú ọmọ mi ti dúdú kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè, torí lójú gbogbo ilé, èmi kọ́ ni mo ni ín.

Yorùbá ni mí, Kétu ni wọ́n bí mi sí, mo sì kàwé gboyè ní yunifásítì. Ọmọ Hausa tó ń kó àlùbọ́sà wá sí Mile 12 ni mo fẹ́, mo bá a lọ sí àgbàlá wọn lẹ́yìn ọjà. Lọ́dọ̀ wọn, ìtìjú ni kí ìyá máa ṣìkẹ́ àkọ́bí rẹ̀ lójú àwọn àna. Kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Bó bá ṣubú, ẹlòmíràn ni kó gbé e. Ọkọ mi mọ èyí, kò sọ ọ́ fún mi títí wọ́n fi so yìgì.

Bí mo ṣe já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, yàrá ìyá ọkọ mi ló bọ́ sí, òdìkejì tèmi. Ìyá náà fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Lálaalẹ́ ló ń po tíì, á da mílíìkì àti ọ̀pọ̀ ṣúgà sí i, á rọ ọ́ sínú fíìdà, ọmọ á sì fi í sẹ́nu sùn. Mo sọ fún un pé ṣúgà tó bá wà lára eyín mọ́jú ń jẹ ẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí gbogbo ọmọ òun mu dàgbà nìyẹn, pé ìwé ló pọ̀ lórí mi. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù, ó wà ní Ṣókótó tó ti lọ kó ọjà. Ó ní eyín ọmọdé ni, á ká, òmíràn á hù, pé kí n fi òun sílẹ̀, àlùbọ́sà ń jẹrà nínú ọkọ̀.

Ní jẹ́lé-ó-sinmi, tíṣà gbé àga ọmọ náà sẹ́bàá ilẹ̀kùn torí ẹnu rẹ̀ ń rùn. Kò ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni mo bá a níbẹ̀, òun nìkan. Àwọn elétò ìlera tó ń yẹ eyín ọmọdé wò wá sí Ìkòsí, wọ́n pín búrọ́ọ̀ṣì, wọn ò yà ságbàlá tiwa. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ Hausa. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni àwọn ọmọ yẹn fi ń bú ara wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú, kò lè jẹun. Ìyá ọkọ mi pọ̀n ọ́n, mo tẹ̀ lé wọn lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan wò wá tòun ti híjáàbù wa, ó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Àwọn mọ̀lá tún ti dé. Wọn ò ní fọ ẹnu ọmọ, obì ni wọ́n á máa fún un jẹ."

Mo ní, "Aunty, ẹ tún un sọ, mo ń gbọ́."

Ojú kọ́kọ́ tì í. Ó wá ní, "Háà, Mummy, tiwa ni yín? Kí lẹ wá ń wá láàárín wọn?"

Nínú àgbàlá, Yorùbá ni mí. Níwájú rẹ̀, mo ti di ìyàwó mọ̀lá.

Dókítà ní ọyún ti wà nínú erìgì, pé àwọn eyín iwájú ò ṣeé wò mọ́, yíyọ ni. Ó béèrè ìyá ọmọ, pé ìyá ló máa gbé e sórí ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ń yọ ọ́. Ìyá ọkọ mi tẹrí ba, ó ń dúró kí n yẹ̀ kí òun lè gbé e. Àwọn obìnrin àgbàlá wa tó sìn wá wá wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò mí.

Mo ní, "Èmi ni ìyá rẹ̀. Èmi ni mo bí i." Mo sì pe ọmọ náà lórúkọ, sókè.

Ìyá ọkọ mi fi ìborùn bo ojú, ó dìde, ó jáde. Kò bínú. Ojú ló ń tì í fún mi.

Ọmọ náà bá mi jà lórí ẹsẹ̀ mi, kí abẹ́rẹ́ tó kàn án rárá. Kò mọ ọwọ́ mi. "Kaka," ìyá àgbà, ló ń pè títí eyín fi jáde. Mo pe orúkọ rẹ̀ sí i létí. Ó wò mí bí ẹni tí àlejò pè lójú ọ̀nà.

Lóde, ó na ọwọ́ sí ìyá àgbà rẹ̀, ìyẹn sì gbà á. Láìwò mí, ìyá náà béèrè ní Yorùbá ọjà rẹ̀ pé, "Tíì ni?"

Mo ní, "Tíì ni, Hàjíà."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nínú màrúwá, àwọn méjèèjì wà lẹ́yìn, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Mo ń gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń sọ fún ọmọ ní Hausa pé ó ti tán, ó ti tán, kó má sunkún mọ́. Èmi náà gbọ́ Hausa tó ìyẹn. Èmi ni ó yẹ kí n sọ ọ́.