Ọ̀kẹ́rẹ́ Tí Ọkọ Mi Fi Ṣe Àmánà Sọ́wọ́ Mi

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé mi ò rí ògiri tó wà ní òdìkejì àgbàlá wa. Eruku funfun bo orí páànù, ètè mi ti là, omi tí mo fi ṣe àlùwàlá tutù bíi ti inú fíríìjì. Mo rántí pé mo kírun àsùbáà tán, mo da ìborùn kan lé èkejì, mo sì ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìdáná kí n lọ dáná. Ohun tó dá mi dúró ni pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́ jù. Lójoojúmọ́, bí ọ̀kẹ́rẹ́ Bàbá bá ti gbúròó ẹsẹ̀, yóò máa họ wáyà àgò rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jáde wá bá èèyàn jà. Lọ́jọ́ yẹn, kò họ nǹkan kan.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí àkísà rẹ̀, ojú rẹ̀ ò ṣí tán, ìrù rẹ̀ tó máa ń dúró ṣánṣán ti wọ́lẹ̀ bí okùn tó já. Mo nawọ́ kàn án. Ara rẹ̀ tutù bí amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ jáde nílẹ̀. Àyà rẹ̀ ṣì ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni.

Bàbá ni mo ń pe ọkọ mi. Kò sí nílé nígbà náà, ó ti lọ ṣe úmúrà ní Mẹ́kà. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ nípa àwọn àgbò rẹ̀, ó ní kí èmi náà máa sinmi dáadáa, ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ogún. Ó ní, "Ìyá, ọ̀kẹ́rẹ́ yìí, àmánà ni o." Mi ò kàwé, iléekéwú nìkan ni mo lọ, ibẹ̀ náà mi ò pẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe àmánà sọ́wọ́ èèyàn, bó ṣe gbà á ló gbọ́dọ̀ dá a padà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò fẹ́ràn ẹranko náà rárá. Ìgbà tí wọ́n gé ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa ló já bọ́, tòun ti ìtẹ́ rẹ̀, kò tíì lajú. Èmi ní kí wọ́n gbé e fún ológbò. Bàbá gbé e sínú fìlà rẹ̀, ó ń kán mílíìkì sí i lẹ́nu, ó sọ ọ́ ní Àlejò. Nígbà tó dàgbà, ó kan àgò fún un, ó gbé àgò náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ológbò ò lè dé, tí oòrùn náà ò sì lè dé. Kúlíkúlí ni oúnjẹ rẹ̀. Bàbá so agolo kúlíkúlí kan mọ́ ìṣó lókè àgò náà, yóò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ láàárọ̀, yóò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ nírọ̀lẹ́, yóò tún fi búrẹ́dì tó rẹ sínú tíì lé e. Èèyàn mìíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan agolo yẹn. Kó tó di pé ó rìnrìn àjò ni Àlejò ti ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tí kò gun wáyà mọ́. Èmi tí mo gbọ́n jù rẹ́rìn-ín, mo ní ó ti di Alhájì, Alhájì kì í gun igi.

Ní ilé wa, bí ara ẹnì kan ò bá yá, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, ṣé ó ti jẹun. Nítorí náà, ògì ni mo sáré ṣe. Mo jẹ́ kó ṣàn dáadáa, mo kán an wò lẹ́yìn ọwọ́, mo jókòó sórí àpótí, mo tẹ́ Àlejò sórí ẹsẹ̀ mi bí a ṣe ń tẹ́ ọmọ jòjòló tí a fẹ́ rọ. Ẹni tó bá dàgbà ní agboolé mọ̀ ọ́n: èèyàn á ká àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ẹnu ọmọ bí kòtò kékeré, á da ògì sí i, ọmọ á máa ké, á sì máa gbé e mì. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi jáde sí wa, tòun ti orín lẹ́nu, ó dúró lé wa lórí.

"Ẹ dí i nímú, Ìyá," ó ní. "Á gbé e mì."

Mo ká ọwọ́. Ìwọ̀nba tó wọlé ò ju ẹ̀kán omi kan lọ. Àlejò gbọ̀n, ó húkọ́, ògì ru jáde ní ihò imú rẹ̀. Ọwọ́ tí mo fi rọ gbogbo ọmọ mi, tí mo fi rọ àwọn ọmọ tiwọn náà, dúró sójú kan. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún da òmíràn sí i, á kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Dókítà obìnrin kan wà tó máa ń wá fún àwọn àgbò Bàbá ní abẹ́rẹ́ ṣáájú Iléyá. Mo ní kí ìyàwó bá mi wá nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù. Dókítà gbé e, ó jẹ́ kí n rojọ́ tán, ó wá bi mí bóyá mo ti fún un ní nǹkan. Mo ní ògì díẹ̀ ni, imú ló sì gbà jáde.

"Ìyá, ẹ má fún un ní nǹkan kan mọ́," ó ní. "Tí ara ẹ̀ bá tutù báyẹn, inú ẹ̀ ò lè da oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbóná, díẹ̀díẹ̀ o. Lẹ́yìn ìyẹn, omi. Oúnjẹ ló máa kẹ́yìn. Ẹ gbé e wá bá mi."

Nígbà tí mo sọ ohun tó wí, ìyàwó yọ orín lẹ́nu. "Ẹranko ń kú lọ, Ìyá, ẹ ò ní fún un lóúnjẹ?"

"N ò ní fún un."

Ó wò mí bí ẹni tí ọyẹ́ ti gbà lórí. Mi ò bínú sí i. Ká sọ pé iṣẹ́ mìíràn ni mo fi tọ́mọ ni, ó ṣeé ṣe kí èmi náà má gbọ́ ti dókítà. Ṣùgbọ́n ìkòkò ni mò ń mọ láti kékeré, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, abẹ́ òjìji ló ń kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà a gbé e sóòrùn, lẹ́yìn náà a fi iná díẹ̀ yá a, kó tó di pé a kó igi jọ lé e lórí. Mo ti kánjú rí nígbà ọmọdé, mo gbé èyí tó ṣì tutù sínú iná ńlá, ó bú gbàmù, ìyá mi ní kí n fọwọ́ ara mi ṣa àfọ́kù rẹ̀. Bí dókítà ṣe ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, gbígbóná, omi, oúnjẹ, mo ṣáà ń rí ìkòkò.

Mo da ògì náà sínú ife ìyàwó, mo ní kó máa mu ún. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ìṣà kékeré kan tí mo fọwọ́ ara mi mọ, mo fi aṣọ wé e, mo gbé Àlejò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú agbọ̀n, mo sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò. Nígbà tí ara rẹ̀ ò tutù nini mọ́, mo fi í sáyà, lábẹ́ bùbá, mo da ìborùn bò ó. Bí mo ṣe gbé e jáde lọ wọ kẹ̀kẹ́ níwájú Ọjà-Ọba nìyẹn, tí mo ní kó gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Tanke.

Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ náà ń fi dígí wò mí lẹ́yìn. Mi ò mọ̀ pé mo ti ń sọ̀rọ̀ sókè. Ó ní, "Ìyá, ta lẹ̀ ń bẹ̀ láyà yín?"

Mo ní ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Obìnrin tó jókòó tì mí sún títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ síta. Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹran tó yẹ kó wà nínú ọbẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sọ́sípítù.

"Tanke ni mo ní kó o gbé mi lọ," mo dá a lóhùn. "Mi ò ní kó o gbé mi lọ sórí ààrò."

Obìnrin náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí a tó dé Tanke, ó ti sún padà, ó tilẹ̀ ń bá mi fa ìborùn bo àyà kí atẹ́gùn má baà wọlé.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti pè mí láti Mẹ́kà, bí mo ṣe jókòó síwájú ọ́fíìsì dókítà, tí àwọn ajá ń gbó lápá ibi gbogbo. Kò tíì kí mi tán tó fi béèrè pé, "Àlejò mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà láyà mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀ pé màá padà fẹ́ràn rẹ̀. Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé, lágbára Ọlọ́run, ọkùnrin yìí ò ní dé bá àgò òfìfo.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó tẹ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó fa awọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, awọ náà ò tètè padà. Ó ní omi ti gbẹ lára rẹ̀. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ omi sábẹ́ awọ, ó fún un ní oògùn egungun, lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tó ń jẹ. Mo fi ìgbéraga ka kúlíkúlí, mo ka búrẹ́dì. Ó béèrè ẹni tó ń fún un.

"Ọkọ mi ni," mo ní. "Ó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀."

"Mo rí i, Ìyá. Ẹ̀pà àti ìfẹ́ ló kún inú ẹ̀. Kò sí ohun tó ń gbé egungun ró níbẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún mi, mo sì ní kó tún un ṣàlàyé. Ẹ̀pà dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò yẹ kó máa jẹ ẹ̀pà nìkan, áńbọ̀sì èyí tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata sí. Egungun rẹ̀ ti rọ̀, nítorí náà ni kò ṣe lè gun nǹkan, kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Ewé tútù ló yẹ kó máa jẹ, bíi yánrin, àti kárọ́ọ̀tì, àti ẹyin sísè díẹ̀ tí a lọ èèpo rẹ̀ kúnná mọ́ ọn. Kí a máa fún un ní èkùrọ́ tòun ti èèpo, kó máa fi eyín họ ọ́, àti egungun gbígbẹ. Oòrùn àárọ̀ náà kò gbọdọ̀ wọ́n ọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó pò fún mi nìkan ni. Kí n máa fi ṣíríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, kí n sì dúró kó fi ahọ́n lá a fúnra rẹ̀. Ó ní òun ì bá fi í sọ́dọ̀, ṣùgbọ́n ariwo ajá lè pa á. Bí ó bá rí ọjọ́ yẹn já, ó lè yè. Ó wá béèrè ẹni tó máa lè jókòó tì í látòwúrọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo ní, "Èmi."

Mo jókòó tì í. Mi ò mọ ìkòkò kankan lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé àpótí sí ìdí ògiri tí oòrùn ń kọjú sí, Àlejò wà nínú agbọ̀n níwájú mi pẹ̀lú ìṣà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mò ń kán omi, mo sì ń dúró. Dídúró yẹn ló le jù. Ọwọ́ mi fẹ́ rọ ọ́. Bó bá pa ẹnu dé, ọwọ́ mi á fẹ́ ká bíi kòtò, màá sì fi èkejì dì í mú. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi kú ọmọ títọ́, ọ̀kan ní kí n má gbàgbé láti pọ̀n ọ́n. Ìyàwó gbé ọkà wá fún mi níbẹ̀, ó sì pààrọ̀ omi inú ìṣà nígbà tó rí i pé ó ti ń tutù. Lẹ́yìn ìrun àlásárì, mo gbé ṣíríǹjì súnmọ́ ọn bí mo ti ń ṣe látàárọ̀. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, ahọ́n kékeré pupa kan yọ jáde, ó lá ẹnu ṣíríǹjì náà. Ó tún lá a. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ìka mi mú. Omi bọ́ lójú mi, mo sì fi ọyẹ́ kẹ́wọ́.

Ọjọ́ ti gorí ọjọ́ báyìí. Àlejò ṣì wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì ń wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gun wáyà. Nígbà tí Bàbá dé, tí mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó dìde, ó lọ wo Àlejò nínú àgò. Lẹ́yìn náà ló gbé àga tirẹ̀ lọ sí ìdí ògiri oòrùn, ibẹ̀ náà ló sì ń jókòó láràárọ̀ títí di òní, tó ń já ewé yánrin. Èmi náà kì í tètè rọ ọmọ mọ́. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá wá bá mi, mo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn án lára ná, kí n tó béèrè bóyá ó ti jẹun. Wọ́n ní mo ti ń darúgbó.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ọjọ́ yẹn gan-an, kí oòrùn tó yọ dáadáa, mo ti gbé àgò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ síta. Mo lọ sí Ọjà-Ọba, mo ra kárọ́ọ̀tì, mo ra ẹyin, mo ṣa èkùrọ́, mo tọrọ egungun gbígbẹ lọ́wọ́ ẹlẹ́ran, òun sì bi mí bóyá mo ti ra ajá. Nígbà tí mo délé, mo já agolo kúlíkúlí Bàbá kúrò lórí ìṣó. Jíjù ú nù ò wá sí mi lọ́kàn, kúlíkúlí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo po gààrí, mo da gbogbo rẹ̀ sí i nínú ọyẹ́ yẹn, mo jókòó síwájú àgò, mo ń jẹ ẹ́. Orí rẹ̀ ni mo wà tí Bàbá fi pè, tó ń béèrè bóyá kúlíkúlí inú agolo máa tó Àlejò títí òun á fi dé.

"Ó ti tán," mo ní.

"Àlejò ló jẹ gbogbo ìyẹn tán?"

"Èmi ni."

Mo rún èyí tó kù lẹ́nu kó lè gbọ́ ọ. Nínú oòrùn níwájú mi, Àlejò ti di èkùrọ́ kan mú, ó ń fi eyín họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò wo ojú mi.