Oyin Inú Tàdáwà

Nígbà tí ogun lé wa kúrò ní Èkó tí a sá wá sí Ẹ̀pẹ́, ìyá mi di gbòǹgbò efinrin kan mọ́ inú aṣọ pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná wa létí ọ̀sà ló gbìn ín sí. Bí inú bá ń run àbúrò mi obìnrin, tí ìgbẹ́ gbuuru mú un, ìyá mi á fún omi ewé náà pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ọmọ á mu ún, á sùn. A ò rí nǹkan mìíràn tó ń ràn án lọ́wọ́.

Ní ìparí òjò ọdún kan, kòkòrò kéékèèké dúdú, tó dà bí iná orí, bo abẹ́ ewé efinrin náà. Ewé rẹ̀ káko. Ìyá mi fọwọ́ ṣà wọ́n, ó ku eérú lé wọn lórí, ṣùgbọ́n wọ́n ń pọ̀ sí i. Àsìkò yẹn gan-an ni inú rírun tún dá àbúrò mi dùbúlẹ̀.

Bàbá mi ló ń kọ́ àwa ọmọ ilé ní kéú. Bí a bá ka ohun tí a kọ sára wàláà, pátákó ìkàwé wa, tán, a ó fi omi fọ̀ ọ́, a ó sì mu omi náà fún ìbùkún. A kì í dà á sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà tẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nítorí pé tàdáwà tí a fi ń kọ ọ́ korò, bàbá mi máa ń po oyin mọ́ ọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi gba omi wàláà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Bisimilahi,” ó wọ́n ọn sára efinrin láti orí dé ìdí. Kí oòrùn tó kan àtàrí, èèrà ti tò gun ún. Wọn ò pa kòkòrò wọ̀nyẹn lára. Ṣe ni wọ́n jọ ń gbé bí ará ilé kan náà.

Ìyá arúgbó tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọ Ẹ̀pẹ́ gidi, yọjú.

“Ìyàwó ará Èkó, ṣé àsè lo ń se fún èèrà ni?”

“Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá. Omi wàláà ni mo wọ́n sí i.”

“Háà! Kí ló wá dé tí wọ́n ń lá a?”

Ìyá mi yí padà. Ó wọlé bá bàbá mi, omi ti lé sí i lójú. “Ààfáà, ṣé Ọlọ́run kọ̀ mí ni?”

Bàbá mi jáde, ó fi ìka kan ewé, ó fi í kan ahọ́n. “Oyin ni. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ ló pe èèrà, oyin tí mo pò ló pè é. Po omi eérú, kí o fọ̀ ọ́ kúrò.”

“Kí n fọ̀ ọ́ sílẹ̀, kí adìyẹ máa tẹ̀ ẹ́? Ẹ dákun, mi ò lè ṣe é.”

Àbúrò mi ń kérora nínú ilé.

Ìyá mi bá gbé igbá ńlá tó kún fún omi eérú jáde. Ó ń tẹ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bọ inú igbá, ó ń fọ ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèrà ń jẹ ẹ́ lápá, kò gbọ́wọ́ kúrò. Ìyá ẹlẹ́ja ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bá a di etí igbá mú. Bàbá mi gbé omi náà lọ dà sínú ọ̀sà, níbi tí ẹsẹ̀ kò ti lè tẹ̀ ẹ́. Ewé tó ṣẹ́ kù ò kún àtẹ́lẹwọ́. Ìyá mi fún omi rẹ̀, ọmọ mu ún, inú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Efinrin Èkó náà ò yè é. Ó gbẹ tigi-tigi.

Láti ìgbà náà ni bàbá mi ò ti po oyin mọ́ tàdáwà mọ́. Nígbà tí àbúrò mi dàgbà tó ẹni tí ń fọ wàláà, ó tọ́ omi rẹ̀ wò, ó sì fún ojú pọ̀.

“Ó korò, ìyá.”

“Mu ún,” ni ìyá mi wí. “Èèrà ti jẹ oyin rẹ̀ lórí efinrin lọ́jọ́sí; ìwọ lo mu ohun tí èèrà jẹ kù.”